Ta Ló Rí I Tó Ń Gbá? Lámèyítọ́ Iyàn Super Eagles

Nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé orúkọ àwọn tí wọ́n pè sí Super Eagles jáde, ìdí àtẹ ìwé ìròyìn ní Ọ̀tọ̀ níbí, títí dé Òyìngbò, máa ń di ilé ẹjọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kà-á-lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọn kò ní ra ìwé ìròyìn kan ṣoṣo, ni adájọ́, àwọn náà ni lọ́yà, àwọn náà ni ẹlẹ́rìí. Ọ̀kan á ní, "Kí ni wọ́n tún pe ìyẹn fún? Kò sí ní fọ́ọ̀mù mọ́." Èkejì á ní, "Fọ́ọ̀mù wo lẹ̀ ń sọ? Ẹni tó ń gbá ní England!" Ẹ̀kẹta á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ̀yin ò kàn mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ mọ̀ pé n kì í fojú tín-ín-rín irú ọ̀rọ̀ báyìí. Lójú tèmi, lítíréṣọ̀ alohùn ni iyàn bọ́ọ̀lù jẹ́. Ó ní àgbékalẹ̀ tirẹ̀, ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n jà, ó ní àwọn gbólóhùn tí kò lè ṣaláì wáyé níbẹ̀. Ẹni tó bá sì jẹ́ lítíréṣọ̀, a gbọ́dọ̀ lè gbé e ka orí ìwọ̀n. Ìbéèrè mẹ́ta tí mo máa ń bi yín nínú kíláàsì náà ni mo fẹ́ bi iyàn yìí: kí ni ẹni yìí ń sọ? Ẹ̀rí wo ló mú wá? Níbo ló dúró sí tó fi rí ohun tó ń sọ?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà, "fọ́ọ̀mù". Ọ̀rọ̀ àyálò ni, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ ilé. Lẹ́nu àwọn tó ń jiyàn, ìtumọ̀ méjì ló ní, wọ́n sì máa ń lọ̀ wọ́n pọ̀. Ìkíní ni bí ara ẹni ṣe rí lọ́sẹ̀ yìí: ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ó ń rí ojú ilé. Ìkejì ni bí ó ṣe mọ iṣẹ́ tó, èyí tí kì í tán lọ́sẹ̀ kan. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yẹn. Wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Babaláwo kò torí pé ọjọ́ yí padà kó sọ Ifá rẹ̀ nù. Ó kàn tún un dá wò ni. Ṣùgbọ́n nídìí àtẹ ìwé ìròyìn, ẹni tí kò gbá góòlù wọlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti "parí" nìyẹn. Bó bá sì gba méjì wọlé lọ́jọ́ Sátidé, ó ti jíǹde.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni iyàn náà fi ń dúró: orúkọ kíláàbù, eré àná, àti ẹni ẹ̀yìn. Ohun tí mo sì ń wá níbẹ̀ tí n kò rí ni ẹsẹ̀ kẹrin: kí ni ẹni tó yan agbábọ́ọ̀lù yìí lè mọ̀ lọ́jọ́ tó yàn án? Láìsí ìyẹn, a ò ṣèdájọ́ yíyàn. Àbájáde la kàn ń kà.

Ẹ wo ọdún 2002. Shuaibu Amodu ló gba ipò kẹta fún wa ní Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, ikọ̀ wa sì ti yege fún Ife Àgbáyé. Síbẹ̀, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Adégbóyè Onígbìndé, tí oṣù díẹ̀ péré ló kù fún un. Onígbìndé fi Sunday Oliseh, tó jẹ́ balógun ikọ̀, àti Finidi George sílẹ̀. Ó mú Bartholomew Ogbeche àti Fẹ́mi Ọ̀pábùnmi, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ó sì mú aṣọ́lé kan láti Enyimba, Vincent Enyeama, ọmọ ọdún 19. Ní Japan, Argentina nà wá 1-0, Sweden nà wá 2-1, a ta ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú England, a sì di ẹrù wa padà wálé.

Títí di òní, bí ẹ bá dá orúkọ Onígbìndé sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà nídìí ayò, ẹ ó gbọ́ ọ: "Òun ló kó àwọn ọmọdé lọ." Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ìbéèrè wa. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn akọni ọdún 1994 ti ń dàgbà, ẹni tó lójú sì lè rí i. Ta ló dúró sójú ilé wa lọ́jọ́ tí England kò rí góòlù kankan gbá wọlé? Enyeama náà ni. Lẹ́yìn náà ló wá gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ, tó sì di balógun ikọ̀. Nínú ìdíje tó burú yẹn ni ọ̀kan nínú yíyàn tó dára jù lọ nínú ìtàn bọ́ọ̀lù wa ti wáyé. N kò sọ pé gbogbo yíyàn Onígbìndé ló tọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹjọ́ tó yẹ kí a pè ni ti àwọn tó pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí Ife Àgbáyé ti kù fẹ́ẹ́fẹ́. Ẹjọ́ yẹn kì í pẹ́ lẹ́nu wa.

Ó wá di ọdún 2013, ní South Africa. Stephen Keshi kó ọmọ mẹ́fà láti inú líìgì ilé sínú ikọ̀ rẹ̀. Ó fi Osaze Odemwingie, tó ń gbá nínú líìgì England, sílẹ̀. Odemwingie fúnra rẹ̀ sì fi ìbínú sọ̀rọ̀ ní gbangba. A ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Burkina Faso, a tún ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Zambia. Ẹ rántí ohun tí wọ́n ń sọ lọ́sẹ̀ yẹn? "Ọmọ líìgì ilé! Ta ló mọ̀ wọ́n?" Kó tó di ìparí ìdíje, Sunday Mba, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé wọ̀nyẹn, ti gbá góòlù tó lé Côte d'Ivoire lọ sílé, òun náà ló sì gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi na Burkina Faso ní àṣekágbá. Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars, l'Àkúrẹ́, wà lẹ́yìn bí odi. Àwọn tó ń bú Keshi wá ń pè é ní ọlọgbọ́n.

Ẹ gbé méjèèjì síra. Ní 2002 a pàdánù, nítorí náà yíyàn kò dára. Ní 2013 a gbafe, nítorí náà yíyàn dára. Irú adájọ́ wo ló ń dúró kí àgbàlá dákẹ́ kó tó mọ ẹni tó jàre? Ohun tó jẹ́ kí yíyàn Keshi dára kì í ṣe góòlù Mba. Láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́ ní ìparí ọdún 2011 ló ti ń kó àwọn ọmọ ilé jọ sí àgọ́, tó ń fi ojú ara rẹ̀ wò wọ́n. Ká ní bọ́ọ̀lù Mba ba òpó tó sì padà, yíyàn náà ì bá ṣì dára.

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ wa jù ni ti Stanley Nwabali. Nígbà tí José Peseiro fi í ṣọ́lé ní Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà tó wáyé ní Côte d'Ivoire níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, orúkọ kíláàbù rẹ̀, Chippa United ti South Africa, ló kọ́kọ́ jẹ̀bi. "Chippa kẹ̀? Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ọmọ yìí ló dúró tí South Africa fi gbá pẹ̀nárítì méjì sí i lọ́wọ́ ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. A pàdánù àṣekágbá, 2-1, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń jẹ́ Chippa mọ́. Àwọn tó ń bú u kò tíì rí i kó gbá rí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti má rí ènìyàn. Kí a má rí i, kí a sì dá a lẹ́bi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹsẹ̀ kẹta, ti ẹni ẹ̀yìn, ló ṣòro jù. N kò ní sọ pé àwọn tó ń fura ya wèrè. Àwọn tó ń yàn kì í ṣàlàyé, ibi tí àlàyé kò bá sì sí, ìfura ni yóò jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àríyànjiyàn, aláìṣeédáhùn ni. Bí ọmọ náà bá gbá a dáadáa, "oríire ni". Bí kò bá gbá a dáadáa, "ṣebí mo sọ fún yín". Ọ̀rọ̀ tí kò sí ohun tó lè já a nírọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Èyí tó tún burú jù níbẹ̀ ni ìgbà tó bá di "ọmọ ìlú wo ni?" Ibẹ̀ ni iyàn ti ń kú tí ìjà ń bẹ̀rẹ̀.

Kò dá wá lójú pé àwa nìkan ló ń ṣe báyìí? Ẹ jẹ́ kí á yọjú sí kírikẹ́ẹ̀tì, níbi tí nọ́ńbà ti ń tẹ̀ lé gbogbo ẹni tó bá di igi mú. Nínú eré ọlọ́jọ́ márùn-ún tí wọ́n ń pè ní Test, wọ́n mọ iye àmì tí ènìyàn ń gbà ní ìpíndọ́gba, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin á rò pé iyàn á tán níbẹ̀. Kò tán. Temba Bavuma ti South Africa ni aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ọgọ́rùn-ún àmì fún orílẹ̀-èdè náà nínú Test, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016. Kò tún gba ọgọ́rùn-ún mìíràn títí di oṣù kẹta ọdún 2023. Láàárín ọdún méje yẹn, àìmọye ènìyàn ló ní ètò ìpín fún àwọn aláwọ̀ dúdú ló mú un wọlé. Wọ́n tún fi gíga rẹ̀ tí kò tó nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni bóyá irú rẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ní Lord's ní London, òun ni balógun tó kó South Africa ṣẹ́gun Australia ní àṣekágbá àgbáyé. Iṣan itan rẹ̀ já án kulẹ̀, ó ń tiro, ó sì gba àmì 66, nígbà tí Aiden Markram gba 136 lápá kejì. Ẹ kíyè sí i: ọmọ tó ń tiro yẹn kò di ẹni tó yẹ lọ́jọ́ náà. Ó ti yẹ tẹ́lẹ̀, fún àwọn tó ń wò ó bó ṣe máa ń dúró nígbà tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ bá ti ṣubú.

Ó ku ìbéèrè kẹta: níbo la dúró sí tí a fi ń sọ ohun tí a ń sọ? Ìròyìn kò tó àfojúbà. Nígbà tí Stationery Stores ṣì jẹ́ ẹgbẹ́ Èkó, àwọn tó ń jiyàn lórí Peter Fregene tàbí Haruna Ilerika ti wò wọ́n lójúkojú. Nígbà tí a na Algeria 3-0 ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé tí Múdà Lawal sì gbá ọ̀kan, IICC Shooting Stars ni àwọn méjèèjì ti wá, kíláàbù tí ẹnikẹ́ni lè fi owó mọ́tò lọ wò n'Íbàdàn. Iyàn ìgbà náà le, ó sì máa ń di ariwo, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ló ń bá ẹlẹ́rìí jà. Ẹni tó bá ní Lawal kò yẹ, ẹnì kan á ní, "Àná ńkọ́, ìwọ kò sí ní pápá?"

Lónìí, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù pọ̀ ní Ọ̀tọ̀, Èbúté Mẹ́ta àti Muṣin. Líìgì England ló ń kún un, ti Spain náà ń kún un. Èwo nínú wọn ló ń gbé líìgì ilé sórí ẹ̀rọ? Nítorí náà, orúkọ kíláàbù ti di ojú fún wa. A kò rí ọmọ náà, a rí aṣọ tó wọ̀. Bí àwọn tó ń yàn bá sì mọ̀ pé a kò mọ ọmọ ilé kankan, kí ló máa mú wọn ṣe wàhálà láti lọ wò wọ́n? Ẹni tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nítòsí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tó 19 na New Zealand pẹ̀lú àmì méjì péré ní ìdíje kírikẹ́ẹ̀tì àgbáyé ní Malaysia. New Zealand o, ìlú tí kírikẹ́ẹ̀tì ti di oúnjẹ òòjọ́! Ní Èkó wa yìí, pápá kírikẹ́ẹ̀tì wà ní Tafawa Balewa Square, ọkọ̀ kan péré sí wa. Inú wa dùn fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n nídìí àtẹ ìwé ìròyìn, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹni tó yẹ kí wọ́n yàn tàbí ẹni tí kò yẹ. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kì í ṣe àlàáfíà. Ó túmọ̀ sí pé a kò mọ̀ wọ́n.

Ìdí nìyí tí n kò fi bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má jiyàn mọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kà-á-lọ́fẹ̀ẹ́ wà lára àwọn díẹ̀ nílẹ̀ yìí tó ṣì ń bi àwọn tó ń yàn pé, "Èéṣe?" Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni kí wọ́n tún ìbéèrè náà bi ara wọn. Bí wọ́n bá tún gbé orúkọ jáde, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ pé lágbájá kò yẹ kọ́kọ́ sọ ìgbà tó rí i kẹ́yìn. Kí ẹni tó bá ń yin akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ ohun tó yìn ín fún kí góòlù tó wọlé. Bí Sátidé bá sì dé tí bọ́ọ̀lù líìgì ilé wà ní Èkó, kí ọ̀kan nínú wọn wọkọ̀ lọ wò ó, kó wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Super Eagles ni ẹrù tó wọ́ lórí wa. Ìsàlẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní òpópónà Ọ̀tọ̀ nírọ̀lẹ́, àti àwọn kíláàbù ilé tí kò sẹ́ni tó ń sanwó wọlé lọ wò.