Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Ni Fíìmù Àtijọ́ Ń Sọ

Ká má purọ́, fíìmù àtijọ́ máa ń falẹ̀. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa fi ìka ti fídíò síwájú lórí fóònù, tó bá jókòó ti fíìmù ọdún 1954 tàbí 1974, kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ti máa yán. Àwa náà yán. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wá, ètò kọ̀ǹpútà ni gbogbo wa ń kọ jẹun, a sì máa ń wo fíìmù àtijọ́ kan lálẹ́ Sátidé. Ohun tó mú wa dúró tì í ni pé àwọn fíìmù náà kì í sọ̀rọ̀ tán. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Fíìmù àtijọ́ tó dáa ń fi ọmọlúwàbí pè wá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tó bi wá pé: tí odindi tí ẹ fi àbọ̀ yẹn ṣe bá jẹ́ irọ́ ńkọ́?

Ká tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ Rear Window, tí Alfred Hitchcock ṣe lọ́dún 1954. Egungun ẹsẹ̀ oníṣẹ́ fọ́tò kan ṣẹ́. James Stewart ló ṣe é. Ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ nínú yàrá rẹ̀, ó ń wo àwọn aládùúgbò láti ojú fèrèsé. Kámẹ́rà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nínú yàrá yẹn, ohun tí òun bá rí náà là ń rí. Ọkùnrin kan lódìkejì ń gbé àpótí jáde lóru nínú òjò. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣàìsàn kò sì sí lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó pa á. Àwa la parí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó hàn pé òótọ́ la rò, ara wá tù wá. Ayọjú-sílé-onílé ni oníṣẹ́ fọ́tò, àmọ́ ó jàre.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún 1974, Francis Ford Coppola gbé The Conversation jáde. Ojú ni ti Hitchcock, etí ni ti Coppola. Gene Hackman ni Harry Caul, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi ẹ̀rọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ fún ẹni tó bá sanwó. Ní gbàgede Union Square, ní San Francisco, ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń rìn yí ká láàárín èrò, maikirofóònù Harry sì ń tẹ̀lé wọn. Ọ̀rọ̀ kan á já geere, òmíràn á di ariwo. Harry kó téèpù lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ń dá a padà, ó ń gbọ́ ọ, ó ń yọ ìlù kúrò lórí ohùn, títí gbólóhùn kan fi jáde: ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń sọ pé ẹnì kan máa pa àwọn tó bá rí àyè.

Ẹni tó bá ti wá àṣìṣe nínú ètò kọ̀ǹpútà mọ́jú rí mọ ohun tí Harry ń ṣe. Ìlà kan náà lo máa kà nígbà ogún. Ẹ̀rù ba Harry, torí pé iṣẹ́ kan tó ti ṣe rí ló mú kí wọ́n pa èèyàn mẹ́ta. Ó gbà pé ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ náà fún un, ọkọ obìnrin yẹn, fẹ́ pa àwọn méjèèjì. (Ẹ má bínú, a máa sọ ìparí rẹ̀.) Ọ̀gá náà ló kú. Àwọn méjèèjì ló pa á. Tí gbólóhùn yẹn bá tún padà wá lópin, àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yí padà, ibi tí wọ́n tẹnu mọ́ ló yí.

Ibí yìí la ti há. Màmá ọ̀kan nínú wa fẹ́ bá wa wò ó, la bá ní ká kọ Yorùbá sísàlẹ̀ fíìmù náà. Èdè wa ti fi ohùn ṣe iṣẹ́ mìíràn: ohùn ló ya ọkọ́ sọ́tọ̀ lára ọkọ̀. Tí a bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, a máa ń gbé e síwájú ni, ká fi "ni" tì í. "Ó máa pa wá" yàtọ̀ sí "àwa ni ó máa pa." Ti èkejì ti ń wí pé: ẹ jẹ́ ká tètè yá a lọ́wọ́. Tí a bá kọ "ni" láti ìbẹ̀rẹ̀, àṣírí tú. Tí a ò bá kọ ọ́ rárá, ìparí ò nítumọ̀. A wá kọ ti àkọ́kọ́ síbẹ̀rẹ̀, ti èkejì sópin, ó sì ń ṣe wá bíi pé a yan àwọn òǹwòran jẹ. Àṣé Walter Murch, tó ṣe ohùn fíìmù náà, ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa: ohùn ìgbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà mìíràn ni òṣèré náà sọ ọ́. Murch ò yan wá jẹ. Inú etí Harry ló fi wá sí, níbi tí ọkàn ti ń bá téèpù sọ̀rọ̀.

Fíìmù náà ní àléébù tirẹ̀. Àlá kan wà nínú kùrukùru, níbi tí Harry ti ń ka ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún obìnrin náà. Fíìmù tó ti fọkàn tán wa látàárọ̀ wá dúró, ó ń ṣàlàyé. A ì bá yọ ọ́.

Oṣù kẹrin 1974 ló jáde. Ní oṣù kẹjọ, Nixon kọ̀wé fipò ààrẹ Amẹ́ríkà sílẹ̀, téèpù tí òun fúnra rẹ̀ gbà sílẹ̀ wà lára ohun tó lé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Nixon ló jẹ́ kí fíìmù yìí dùn wá. Níbi tí ọ̀kan nínú wa ti ṣiṣẹ́ rí, a kọ òfin kan sínú ètò: ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà àṣírí tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó wá fi owó ńlá ránṣẹ́ lóru, olè ni, ẹ ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ìyá oníṣòwò kan ló há sí i. Ó fẹ́ sanwó ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò rówó rẹ̀ mú. Àkọsílẹ̀ ò purọ́ mọ́ ọn. Àwa la parí ọ̀rọ̀ fún un. Bí Harry ṣe máa ń wí pé òun ò bìkítà ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, kí ohùn ṣáà ti já geere, bẹ́ẹ̀ làwa náà wí: iṣẹ́ wa la ṣe.

Ẹ bá wa wá àwọn méjèèjì wò. Ẹ kọ́kọ́ wo Rear Window, kí ẹ lè gbádùn kí àròsọ yín jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí fún The Conversation, ẹ má fi ìka tì í síwájú. Nígbà tí tiwa parí, tí Harry ti tú pákó ilẹ̀ yàrá rẹ̀ tán tó ń wá ẹ̀rọ tí kò rí, màmá náà béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló wá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ṣì, òun àbí ẹ̀yin?" A ò tíì dá wọn lóhùn.