Ẹ̀wà Àǹtí àti Ìwé Eric Raymond

Ìwé kékeré kan wà tí àwọn tó ń lo Linux máa ń jù lu ara wọn bí òkò. Eric S. Raymond ló kọ ọ́ ní 2001, Rick Moen sì bá a lọ́wọ́ sí i. Orúkọ tó fún un ni How To Ask Questions The Smart Way. Àwa lè pè é ní "Bí A Ṣe Ń Fi Ọgbọ́n Bèèrè Ọ̀rọ̀". Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnì kan bá béèrè ohun tí ẹlòmíràn kà sí ìbéèrè òpè, wọn ò ní dá a lóhùn. Líǹkì ìwé yìí ni wọ́n á kàn fi ránṣẹ́ sí i. Àwa náà ti ju òkò yẹn rí. Ẹni tó bà ló jẹ́ ká padà lọ ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohun tí a sì rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a rò pé a mọ̀.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣàjèjì sí: Linux ló wà lábẹ́ Android tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tún lè gbé e sórí láptọ́ọ̀pù dípò Windows láìsan kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹni tí kò sanwó kò ní ọ́fíìsì tó lè lọ pariwo sí bí nǹkan bá yíwọ́. Ẹni tó ti lò ó ṣáájú yín ni ọ́fíìsì yín. Ìbéèrè náà ló sì bí i, ká má parọ́. Ní oṣù keje 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Helsinki, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lo Minix ibi tí òun ti lè rí ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní POSIX. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, ó padà wá. Ó ní òun ń kọ nǹkan kékeré kan, kí wọ́n sọ ohun tó wù wọ́n àti ohun tí kò wù wọ́n nínú Minix. Ẹ fọkàn sí i: nígbà méjèèjì, ó kọ́kọ́ kí wọn kó tó wí tẹnu rẹ̀.

Ní tiwa, láti Ọ̀jọ́ dé Ìba dé Okokomaiko, ọwọ́ ni Linux ń gbà dé ọwọ́. LASU ti wà ní Ọ̀jọ́ láti 1983, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì wọ́n ládùúgbò. Ọjà Àlàbá náà kò jìnnà, ẹ máa rí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rà níbẹ̀. Nígbà tí àwa kọ́kọ́ mọ Ubuntu, Canonical tó ń ṣe é ṣì ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. 2011 ni wọ́n dá a dúró. CD kan ṣoṣo á yí ká họ́sítẹ́ẹ̀lì títí ara rẹ̀ á fi ha, tí kò ní lè ṣí mọ́. Àwa mẹ́ta tó ń fi sọ́fítíwià jẹun wá háyà yàrá kan ní Okokomaiko. Ní gbogbo Sátidé, ẹni tí Linux rẹ̀ bá ṣàìsàn lè gbé e wá.

Ìwé Raymond la fi ń ṣe òfin yàrá yẹn. Ọ̀rọ̀ gidi sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní kí ẹ kọ́kọ́ wá ìdáhùn fúnra yín, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ wá a dé. Kí ẹ sọ ohun tí ẹ fojú rí, ẹ má sọ ohun tí ẹ rò pé ó fà á. Kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe tẹ̀lé ara wọn. Kí ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ gan-an, kó má jẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ yín há sí nìkan lẹ máa sọ. Ó ní ìbọ̀wọ̀fúnni kì í ba nǹkan jẹ́, àmọ́ ìdọ̀bálẹ̀ kò lè rọ́pò iṣẹ́ tí ẹ kọ̀ láti ṣe. (Ẹni tó bá ti gba "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú mi sà" mẹ́wàá lórí WhatsApp, tí kò sí ìbéèrè kankan lẹ́yìn rẹ̀, á mọ̀ pé ọkùnrin yìí kò purọ́.)

Ohun tó ń béèrè yìí ta ko àṣà kan tiwa. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ babaláwo kì í ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un. Wúyẹ́wúyẹ́ ló máa sọ ọ́ sí owó, babaláwo á wá fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ikin wá a jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé ìṣe yẹn wá sọ́dọ̀ onímọ̀ kọ̀ǹpútà: "Ẹ̀gbọ́n, láptọ́ọ̀pù mi ò ṣiṣẹ́." Ó parí. Ká wá máa dífá. Lórí èyí, Raymond ló jàre.

Àmọ́ Àǹtí kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Àǹtí, ní Ìba, ó sì fi ọjọ́ orí ju àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ dáadáa. Ní 2018 ó gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan wá bá wa, ẹ̀rọ náà ń wọ́ bí ìgbín. A gbé Ubuntu 18.04 sí i, ara rẹ̀ yá. A ò dán Wi-Fi wò kó tó lọ. Ẹ̀bi wa nìyẹn. Ó délé, kò sí Wi-Fi. Irú Wi-Fi inú ẹ̀rọ náà wà lára àwọn tí driver wọn kì í bá Ubuntu wá, ẹ gbọ́dọ̀ lọ wá a fúnra yín. Kí ẹ tó rí driver, ẹ nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó rí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ nílò driver. Ohun tí èèyàn máa ń ṣe ni kó fi okùn USB so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, kí láptọ́ọ̀pù máa fa dátà fóònù. A ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un lórí fóònù. Ó ṣe é. Kò ṣiṣẹ́.

Ó wá fi voice note ìṣẹ́jú mẹ́rin ránṣẹ́. "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ á máa gbè yín." Ó béèrè àlàáfíà ìyàwó ẹni tó ti gbéyàwó nínú wa. Ó ní òun so fóònù mọ́ ọn bí a ṣe wí, ó ní kí òun ṣe password tuntun, òun ṣe é, ó ní kí òun pa ẹ̀rọ kí òun tún un tàn. Òun tàn án. Ni ẹ̀wà òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí iná...

Ibẹ̀ la ti pa á. Ọ̀kan nínú wa ní, "Kí ló kan ẹ̀wà nínú ọ̀rọ̀ Linux?" A rẹ́rìn-ín. Raymond ṣáà ti sọ pé àpọ̀jù ọ̀rọ̀ kọ́ ni àlàyé. A fi líǹkì ìwé náà ránṣẹ́ sí i, a ò tilẹ̀ kí i. Ó kọ̀wé padà pé, "Ẹ ṣé, ẹ̀yin àbúrò mi." Kò pè wá mọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá ń jẹ wá lọ́kàn, a gbìyànjú láti yí ojú ìwé kìíní Raymond sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gan-an ló dá wa dúró. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kàn ń pe ẹni tó ń béèrè ní "you" ni. Ṣé "o" ni àbí "ẹ"? Bí a bá fi "o" sí i, ìwé náà á di àgbàlagbà tó ń bá ọmọdé wí. Bí a bá fi "ẹ" sí i, ìdajì àwọn gbólóhùn náà ò ṣe é sọ mọ́. Ẹnu á kọ̀ ọ́. Báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tí ẹ ń pè ní "ẹ" pé ọ̀lẹ ni, pé ó ń jẹ àkókò yín? Gẹ̀ẹ́sì ti bá Raymond fi nǹkan kan pamọ́: ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó ń dáhùn wà lókè, ẹni tó ń béèrè wà nísàlẹ̀. Ó ní orúkọ burúkú fún irú àwọn tí kò fẹ́ ronú kí wọ́n tó béèrè. Ní Ìba, ẹni tó ń béèrè lè jẹ́ ẹni tó kọ́ yín ní ABD.

Ohun kejì ni pé ìwé náà gbà pé iná wà, dátà wà, Gẹ̀ẹ́sì sì yọ̀ mọ́ni lẹ́nu. "Lọ ka ìwé ìlò rẹ̀" rọrùn láti sọ. Òótọ́ ni pé ẹ lè fi yo_NG sọ fún Linux pé ọmọ Yorùbá ni yín, kíbọọ̀dù Yorùbá náà sì wà nínú rẹ̀, lábẹ́ Nàìjíríà. Àmọ́ tí nǹkan bá ti bàjẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni error máa fi sọ ọ́. Àǹtí rí i ní Gẹ̀ẹ́sì, ó rò ó ní Yorùbá, ó ro ó fún wa ní Yorùbá, àwa á tún dá a lóhùn pẹ̀lú àṣẹ terminal. Iṣẹ́ ògbufọ̀ tó ṣe yẹn, a ò kà á sí iṣẹ́.

Àmọ́ ibi tó dùn wá jù ni ìparí ìwé náà. Abala kékeré kan wà níbẹ̀ fún àwa tó ń dáhùn. Raymond ní ká fi pẹ̀lẹ́tù dáhùn, ká má dójú ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàṣìṣe níwájú àwùjọ, ká sọ ọ́ bí a ò bá mọ̀ ọ́n, ká sì béèrè ohun tó máa fa kúlẹ̀kúlẹ̀ ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu olùbéèrè. Ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí! Àwa tó ń ju ìwé náà kiri ò kà á débẹ̀. Ẹjọ́ tí a ní pẹ̀lú Raymond ni pé ó fi sẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn tó ti fi ojú ìwé rẹpẹtẹ bá olùbéèrè wí. Ta ló máa ń jókòó títí ìjókòó á fi tú?

Síbẹ̀, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Nǹkan kan wà tí Raymond sọ tí a ṣì ń fẹ́ kí gbogbo Ọ̀jọ́ gbọ́: bí ọ̀rọ̀ yín bá ti yanjú, ẹ padà wá sọ ohun tó yanjú ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àdúrà la fi ń padà wá. "Ọlọ́run á gbà fún yín, ẹ ò ní rí ogun." Àmín. Kí ló wá ṣe é tó fi ṣiṣẹ́? Ó ti lọ. Ìbéèrè kan náà la dáhùn nígbà tí a ò lè kà mọ́, lórí fóònù, létí ẹnì kan ṣoṣo, kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbì kankan. Prínńtà tí kò rí Linux ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn á gbé irú ẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí òyìnbó. Àìbìkítà wa ni.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Àǹtí, à ń gbé irú driver kan náà sí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. A ṣe password, a pa á, a tún un tàn. Ojú ẹ̀rọ di búlúù. Ó ní ká tẹ bọ́tìnì èyíkéyìí, ó sì ń ka ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá bọ̀ wálẹ̀. Iṣẹ́ Secure Boot ni, ọlọ́dẹ ẹnu géètì inú kọ̀ǹpútà: kì í jẹ́ kí driver tí kò mọ̀ wọlé, àfi kí ẹni tó ni ẹ̀rọ wà níjòókòó níwájú rẹ̀ kó tún password yẹn tẹ̀. Bí mẹ́wàá bá pé tí ẹ ò tẹ nǹkan kan, búlúù á lọ, Ubuntu á ṣí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, Wi-Fi ò sì ní sí.

A wo ara wa. Ẹ̀wà.

A wá voice note náà rí, a sì gbọ́ ọ dópin lọ́tẹ̀ yìí. Ó wà níbẹ̀, ní ìṣẹ́jú kejì: bí òun ṣe sáré bọ̀ láti ìdáná, òun rí ohun búlúù kan lójú ẹ̀rọ, ó sì lọ kí òun tó kà á. Ó tilẹ̀ bi wá pé ṣé ìyẹn ṣe pàtàkì. Raymond ní ká ro ó bó ṣe tẹ̀lé ara wọn. Obìnrin yìí ro ó bó ṣe tẹ̀lé ara wọn.

A pè é, a tọrọ àforíjì ká tó sọ nǹkan mìíràn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ti tán tipẹ́. Ọmọkùnrin kan tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Ìyànà-Ìba ló bá òun yanjú ẹ̀. Ọmọ náà ò lo Linux rí, àmọ́ ó ní kí òun ro gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, òun sì ro ó, tòun tẹ̀wà. A ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa. Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Ó ní ká dúró, òun kọ ọ́ síbì kan. A ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé. Ó wá ń kà á fún wa díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń pe àpèkọ: F10 kó tó ṣí. Secure Boot. Disable. Nọ́ńbà mẹ́rin á yọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, ẹ tẹ Enter. Kì í ṣe ọ̀nà tí àwa ìbá gbà, àmọ́ ó ṣiṣẹ́. "Ṣé ẹ ti kọ ìyẹn?" ó ń béèrè lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan. A ní a ti kọ ọ́, mà.