Àbọ̀ Kẹ́ẹ̀gì Omi, Abọ́ Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n

Kí ìkòkò tó dé orí iná ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè ṣàjèjì létí, ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú rí ni. Wọ́n bu ìkúnwọ́ eérú kan, wọ́n ta omi sí i, wọ́n pò ó títí tó fi dà bí láàlì, wọ́n wá fi ra ìdí ìkòkò náà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká, títí dé ibi tí ọwọ́ iná lè dé. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó gbé e ka orí igi. Lálẹ́, nígbà tí gbogbo wa ti jẹun yó, dúdú èéfín tí ì bá lẹ̀ mọ́ ìkòkò yẹn pinpin bá eérú náà lọ. Omi ife kan ló kó gbogbo rẹ̀ kúrò.

Tudun Wada ní ìlú Jọ́ọ̀sì la wà, nínú oṣù Kejìlá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí Màmá ti wá, bíi ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá tó tẹ̀dó síbẹ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ wíwa kuza nínú ilẹ̀ ti gbilẹ̀, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí Màmá sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì dàgbà sí; bí Hausa ṣe ń yọ̀ lẹ́nu wọn ni Yorùbá náà ń yọ̀. Ẹ̀rọ omi kan wà ní igun àgbàlá wọn. Okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni àwọn ọmọ ilé so mọ́ ọn lọ́rùn. Kànga wà pẹ̀lú, àmọ́ òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, orí àpáta ni ìlú náà sì jókòó lé. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé, okùn ìfami á máa gùn sí i, omi tí korobá ń gbé bọ̀ á sì máa pọ́n sí i. Mẹ́ruwà, ẹni tó ń kiri omi tà, ló kù. Á ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun òkè pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì tó tò jọ lórí rẹ̀, lítà 25 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá a máa ra méjì. Ọ̀kan wà fún mímu àti sísè. Èkejì wà fún gbogbo ohun yòókù, ọ̀kan lára ohun yòókù yẹn sì ni abọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé wọn kì í jẹ́ kí abọ́ gbẹ. Bí òkèlè ìkẹyìn ti ń wọ ẹnu, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ti dúró sẹ́yìn ẹni, ó ń retí àwo. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká sinmi díẹ̀ ná. "Abọ́ tó bá ti gbẹ, ó ti jẹ omi méjì," ni Màmá dá mi lóhùn. Àmàlà ni ẹlẹ́rìí wọn. Bó bá gbẹ mọ́ abọ́, èékánná ò ní ràn án. Bí a bá fi ìka nù ún nígbà tó ṣì tutù, á ká kúrò bí ẹní. Nítorí náà, wọ́n bu omi ìkúnwọ́ kan sínú ìkòkò àmàlà, wọ́n dé e pé kó máa rẹ. Èérún oúnjẹ di ti adìyẹ, egungun di ti ajá ilé kejì. Ohun tó wá kù lára abọ́ lẹ́yìn èyí, epo ni.

Epo yìí ni wàhálà ọyẹ́ ní Jọ́ọ̀sì. Ìlú náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200, òtútù òru ọyẹ́ sì lè wálẹ̀ dé nǹkan bíi 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó dàgbà sí Èkó tàbí Ìbàdàn mọ epo pupa sí ohun tó ń ṣàn. Ní Jọ́ọ̀sì nínú oṣù Kejìlá, á dì gbagidi bí òrí, á gba ojú abọ́ bí ìgbà tí èèyàn fi ìda kùn ún. Bí a bá da omi tútù sí i, ṣe ló ń le sí i. Bí a bá fi kànìnkànìn ha á, kànìnkànìn fúnra rẹ̀ á dọlọ́ràá, á sì máa gbé epo abọ́ kan ran èkejì. Mo ti rí èyí nílé tí omi ẹ̀rọ ti ń ya fàlàlà: ẹ̀rọ á máa dà, ọṣẹ á máa hó, epo á ṣì jókòó síbẹ̀.

Màmá kì í fi omi bá epo jà. Eérú tí wọ́n ti jọ̀ wà nínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, pẹ̀lú háhá àgbàdo gbígbẹ. Wọ́n á wọ́n eérú sójú abọ́ ọbẹ̀, wọ́n á fi háhá nù ún yípo lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì ju háhá náà sídìí ààrò. Eérú ń fa epo mu, kò sì mọ síbẹ̀. Nínú eérú igi ni ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní potassium carbonate wà, bí omi bá sì kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rá di ọṣẹ. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn ìyá wa fi eérú eèpo kòkó dá nídìí ọṣẹ dúdú. Nígbà tí wọ́n sì ń pín oúnjẹ lọ́wọ́ ni wọ́n ti gbé kẹ́tùrù kékeré lé ẹyin iná. Wọn ò fi igi kan kún un. Iná tó se ọbẹ̀ ló gbóná omi tí wọn yóò fi fọ abọ́ rẹ̀.

Báàfù mẹ́ta ló wà níwájú àpótí tí wọ́n jókòó lé. Èmi ì bá ti bu omi kún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ọwọ́ òsì ni ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wà, ti àárín ni wọ́n ti ń ṣan ọṣẹ kúrò, inú ti ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni omi tuntun ń wọ̀, díẹ̀díẹ̀. Abọ́ ń ti òsì lọ sí ọ̀tún. Omi ń ti ọ̀tún bọ̀ sí òsì. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ yìí, bí aṣọ híhun àti irun dídì ṣe jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Bí abọ́ ṣe ń mọ́ sí i ló ń bá omi tó mọ́ jù lọ pàdé. Bí omi ṣe ń dọ̀tí sí i ló ń bá abọ́ tó dọ̀tí jù lọ pàdé. Nígbà tí omi ọṣẹ ò bá wúlò fún abọ́ mọ́, wọ́n á fi fọ ẹ̀yìn ìkòkò. Omi àárín á wá di omi ọṣẹ, ti ọ̀tún á di ti àárín. Kò sí omi tó ṣiṣẹ́ kan péré nínú ilé náà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bébà ń lo irú ètò yìí láti fọ ohun tí yóò di bébà, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti páìpù. Màmá ń fi ọwọ́ méjì àti àpótí ṣe é.

Ètò kan tún wà nínú ètò yẹn. Kọ́ọ̀bù ló ń kọ́kọ́ wọ omi, torí pé omi àti tíì nìkan ló kàn án. Ṣíbí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà abọ́ tí wọ́n fi jẹ àmàlà, lẹ́yìn náà abọ́ ọbẹ̀, ìgbákọ àti ọmọrógùn. Ìkòkò ló kẹ́yìn. Ọmọ náà ṣèèṣì gbé abọ́ ọbẹ̀ kan ṣáájú ife. Màmá ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn wò ó, ọmọ sì yọ ọ́ padà.

Ṣíṣàn rẹ̀ ni mo wò jù. Wọn kì í ki abọ́ bọ omi ìkẹyìn. Ṣe ni wọ́n ń tò ó ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sínú báàfù ọ̀tún, èyí gun èyí lẹ́yìn bíi páànù orí ilé, wọ́n á wá fi kọ́ọ̀bù da omi tín-ín-rín sójú èyí tó wà lókè pátápátá. Omi á yí ojú abọ́ yẹn ká, á ṣẹ́ sójú èyí tó tẹ̀ lé e, á tún yí i ká, títí dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ òsì ń yí abọ́ kọ̀ọ̀kan díẹ̀ kí omi lè kan ibi tí kò tíì kàn. Omi ife kan ṣan abọ́ márùn-ún. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀. Omi tèmi ya sápá kan, ó bọ́ sílẹ̀ láìkan abọ́ kejì. Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. "Má dà á, ọmọ mi. Jẹ́ kó máa lọ." Lẹ́yìn náà, wọ́n fi àtàǹpàkò fa ojú abọ́ kan kí n lè gbọ́. Abọ́ tó mọ́ ń dún lábẹ́ ìka. Èyí tó ṣì ní ọ̀rá á dákẹ́.

Ọrùn ọwọ́ yẹn ló rán mi létí ohun tó sọ Jọ́ọ̀sì di ìlú ńlá. Ní ọdún 1914 ni reluwé ti Zaria dé Búkúrù nítòsí Jọ́ọ̀sì, nítorí kuza. Igbá ni ọ̀pọ̀ lébìrà fi ń ṣa kuza náà nínú odò: wọ́n á bu iyẹ̀pẹ̀ àti omi, wọ́n á máa yí igbá, iyanrìn á bá omi jáde, kuza á kù sísàlẹ̀, nítorí pé ó wúwo tó ìlọ́po méje omi, iyanrìn ò sì tó ìlọ́po mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin orí òkè yìí ṣe ń ṣan acha, ọkà wọn tí hóró rẹ̀ kéré bíńtín, tí iyanrìn kì í sì í wọ́n nínú rẹ̀. Ti acha yí padà ni: iyanrìn ló ń kù sísàlẹ̀, ọkà ló ń bá omi gun etí igbá kọjá. Màmá ń ṣan acha fún ògì àárọ̀, mo sì rí i pé bí ọwọ́ wọn ṣe ń yí igbá náà ló ṣe ń yí abọ́.

Tánganran ni Yorùbá ń pe kuza, orúkọ yẹn náà la sì ń pe abọ́ funfun onírin tí àwọn ìyá wa gbé wọlé ọkọ. Ó bára mu ju bí a ṣe rò lọ, torí pé àwọn tó ń ṣe abọ́ náà láyé ọjọ́sí máa ń po lúbúlúbú tánganran mọ́ ìkunra rẹ̀ kó lè funfun. Màmá ní mẹ́rin tí etí wọn jẹ́ búlúù. Iyanrìn ò gbọdọ̀ kan àwọn yẹn, torí pé bí funfun rẹ̀ bá ti họ, irin abẹ́ rẹ̀ á dípẹtà. Ìkòkò irin ló ni iyanrìn, èyí tó rí gáragàra tí ọmọ bù létí gọ́tà. Ìkòkò alumíníọ̀mù lè gba eérú, àmọ́ eérú ò gbọdọ̀ pẹ́ lára rẹ̀, nítorí á jẹ ẹ́, á sì sọ ọ́ di dúdú. Abọ́ ike ló ń gba omi gbígbóná jù, torí pé epo fẹ́ràn ike.

Mo ka ife omi bí wọ́n ṣe ń bù ú. Èèyàn méje ló jẹun. Kọ́ọ̀bù 7, ṣíbí 8, abọ́ 13, ìgbákọ àti ọmọrógùn 3, ìkòkò 3: ohun 34 lápapọ̀. Omi tó bá a lọ ò ju lítà 11. Ní Yunifásítì Bonn ní Jámánì, Rainer Stamminger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní kí àwọn èèyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ọwọ́ fọ abọ́ tí èèyàn 12 lè fi jẹun, nídìí ẹ̀rọ omi. Ìpíndọ́gba omi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò jẹ́ lítà 103. Mi ò sọ èyí láti yin àìsí omi. Ó yẹ kí omi máa yọ lẹ́nu ẹ̀rọ inú àgbàlá yẹn, ó yẹ kí ẹ̀yìn Màmá sinmi, ó sì yẹ kí ọmọ-ọmọ wọn máa kàwé ní wákàtí tó fi ń gbé báàfù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọgbọ́n wà nínú ọwọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì tíì pè é lọ́gbọ́n lójú wọn.

Orí pẹpẹ igi ni abọ́ ti ń gbẹ, irú pẹpẹ tí wolé-wolé máa ń ní kí ilé kọ̀ọ̀kan kàn láyé ọjọ́sí. Wọn kì í fi aṣọ nu abọ́, torí pé wọ́n ní aṣọ ìnuwọ́ ló ń tún un bà jẹ́. Ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́ kíá, àmọ́ ọyẹ́ yẹn náà ló ń gbé eruku aṣálẹ̀ bọ̀, nítorí náà wọ́n á da abọ́ dojú bolẹ̀, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á sì kó o wọlé ní kété tí ẹ̀kán omi ìkẹyìn bá ti gbẹ létí rẹ̀.

Ọmọ fi omi ọṣẹ rin eruku ẹnu ọ̀nà. Omi ìṣàn tó kù lọ sídìí tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìn ilé. Màmá gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n mì í lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n sì dé e. "Yóò tó wa wẹ ọmọ láàárọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n wá bu òrí díẹ̀ nínú agolo ẹ̀gbẹ́ àtùpà, wọ́n yá a lórí ẹyin iná títí tó fi rọ̀, wọ́n sì ń rọra fi ra ìka wọn tí ọyẹ́ ti là, ọ̀kọ̀ọ̀kan.