Aréògún Ará Òsì àti Ìṣòro Mímọ Ọwọ́ Ọ̀gá

Bí ère bá ti kúrò lójúbọ tí ó dé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní òkè òkun, "iṣẹ́ Yorùbá" nìkan ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára. Bẹ́ẹ̀ ni Dàda, gbẹ́nàgbẹ́nà Òsì-Ìlọrin ní ilẹ̀ Òpin, kì í ṣe aláìlórúkọ nílé. A bí i ní nǹkan bí ọdún 1880. Ó kú ní 1954. Àpèjá orúkọ rẹ̀, Aréògúnyánnà, ni a túmọ̀ sí ẹni tí ó ń fi irin Ògún rí owó, tí kò sì háwọ́ sí i.

Ìṣòro yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Flanders, ayàwòrán kan wà ní sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún tí àwọn onímọ̀ pè ní Ọ̀gá Flémalle, nítorí ibi kan tí wọ́n ṣèṣì rò pé àwòrán rẹ̀ ti wá. Ọ̀pọ̀ gbà lónìí pé Robert Campin ará Tournai ni. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń jiyàn lórí èwo ni tirẹ̀, èwo ni ti Rogier van der Weyden, ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀. Ní Òsì, a mọ ìran iṣẹ́ náà: Bámgbóṣé kọ́ Aréògún, Bándélé, ọmọ Aréògún, kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll dá iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín 1947 sí 1954.

Àwọn lámèyítọ́ tí ó ń fi ojú ńláńlá tí ó yọ síta da iṣẹ́ Aréògún mọ̀ kò jinlẹ̀ tó. Ọ̀nà lílé, alétúnlé, dídán àti fífín ni ipele iṣẹ́ náà, ọmọ-iṣẹ́ a sì máa dá sí i. Ojú ère ṣeé kọ́. Ohun tí kò rọrùn láti kọ́ ni ètò. Lára ilẹ̀kùn, Aréògún a to ẹlẹ́ṣin, onílù, àní ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ pàápàá (ohun titun kò bà á lẹ́rù rárá), ní ìlà-ìlà, kò sí ẹni tí ó fún ẹnìkejì mọ́ra, kò sì sí ilẹ̀ tí ó ṣófo lásán. Lára Ẹpa, ìkòkò ìsàlẹ̀ a rí gbàgìdì. Ẹ̀yà ara àwọn ère tí ó wà lórí rẹ̀ a sì gún régé.

Bándélé gbé irú ìlà-ìlà yìí wọ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì láìbà á jẹ́. Nítorí náà, ère tí ojú rẹ̀ bá jọ ti Aréògún ṣùgbọ́n tí ètò rẹ̀ rọ̀, ilé-iṣẹ́ Aréògún ni ó yẹ kí a kọ sí i lára, kì í ṣe Aréògún fúnra rẹ̀.