Ẹ̀kọ Gbáguuda Lára Èso

Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta mọ agbára gbáguuda: ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ láfún yà lára aṣọ, aró kì í wọ ibẹ̀. Agbára kan náà ni a fi ń dáàbò bo èso, iṣẹ́ tí ó wù mí púpọ̀.

Èso tí a ti já ṣì ń mí. Bí ó ti ń mí ni ó ń pọ́n, tí omi ara rẹ̀ sì ń gbẹ. A ó po sítáàṣì gbáguuda bíi gíráàmù 20 sí 40 mọ́ omi lítà kan, a ó sè é, a ó jẹ́ kí ó tutù, a ó ri èso tí a ti fọ̀ bọ̀ ọ́, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ. Awọ tín-ín-rín tí ó ṣeé jẹ ni yóò bò ó, tí yóò dín atẹ́gùn tí ń wọlé kù. Ìwọ̀n ni ọgbọ́n rẹ̀: bí ó bá ki jù, èso yóò kan láti inú.

Bí a bá fi fíríìjì pa èso mọ́ dípò ẹ̀kọ yìí, òtútù rẹ̀ máa ń ba ìbẹ́pẹ àti mángòrò jẹ́. Ẹ̀kọ yìí kì í pa wọ́n lára, bí kò bá ti ki jù.

Láti 1988 ni Abẹ́òkúta ti ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí yunifásítì náà mú ìmọ̀ yìí dé ọwọ́ àwọn eléso ọjà Láfẹ́nwá níbẹ̀.