Ohùn, Oríkì àti Ikú: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Hárúnà Ìṣọ̀lá

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ipò tí ó tọ́ sí Hárúnà Ìṣọ̀lá (1919–1983), olórin àpàlà ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, nínú lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá. Láti ìgbà tí Babalọlá ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966 ni àwọn onímọ̀ ti ń fi ojú ewì wo ohun tí ọdẹ ń sun. Àpàlà kò rí irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ tó. Àwíjàre tí a sábà ń gbọ́ ni pé inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni ó wà, àti pé nítorí owó ni a ṣe ń kọ ọ́.

Ẹni tí ó bá ti Ìwéré-Ilé tàbí ibòmíràn ní Òkè-Ògùn wá, ohùn ọdẹ ni yóò kọ́kọ́ fi díwọ̀n ohùn Hárúnà. Oníjàálá a máa gbóhùn sókè, a sì máa yára. Hárúnà kì í ké. Ìjókòó ni ó ti ń kọrin, àwọn elégbè àti onílù a sì yí i ká. Bhimsen Joshi (1922–2011) àti àwọn akọrin àbáláyé ìhà àríwá Íńdíà náà a máa jókòó kọrin, ìlù tabla a sì máa tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n èdè tiwọn kì í ṣe èdè olóhùn. Wọ́n lè fi sílébù kan ṣoṣo gòkè kí wọ́n sì tún sọ̀ kalẹ̀. Bí olórin Yorùbá bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò dà rú. Nítorí náà, ìrọra tí Hárúnà ń rọra kọrin kì í ṣe àìlágbára. Òun ni ó jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá ṣáká, tí gángan fi lè gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ní 1948, ọdún kan lẹ́yìn tí ó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, Hárúnà ṣe àwo kan lórí Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Ní 1955, lẹ́yìn tí ọba náà wàjà, ó tún un ṣe, orúkọ rẹ̀ sì kàn. Àwọn kan lè sọ pé ikú ọba ni ó bá a tajà. Èrò tiwa yàtọ̀. Bí a bá ki ẹni tí ó wà láàyè, etí tirẹ̀ ni oríkì ń wá. Bí ó bá ti lọ, etí gbogbo wa ni. Ọ̀rọ̀ ìyìn di ọ̀rọ̀ ìrántí, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ ọba náà sì rí òkú tirẹ̀ nínú rẹ̀.

A kò sọ pé iṣẹ́ Hárúnà kò ní àbùkù. Nínú ọ̀pọ̀ àwo rẹ̀, orúkọ àwọn olówó pọ̀ ju èrò lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kọrin, arárà àti onílù ààfin náà ń jẹ lẹ́nu iṣẹ́ wọn, a kò sì torí bẹ́ẹ̀ lé wọn kúrò nínú lítíréṣọ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní 1969, òun àti I.K. Dairo dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Star sílẹ̀, kí èrè iṣẹ́ olórin lè padà sọ́wọ́ olórin. Ẹni tí ó ta ohùn rẹ̀ kò ní wá ọ̀nà àtidi olówó ara rẹ̀.

Musiliu, ọmọ rẹ̀, gba iṣẹ́ náà, àwo rẹ̀ Soyoyo sì gbajúmọ̀ ní nǹkan bí ọdún 2000. Ìlù rẹ̀ yá ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́ ń jó sí i. Ohun tí ó ń ṣe wá ní iyèméjì ni bóyá a ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí àwa tí a ń kọ́ èdè yìí kò bá jókòó ti àwo Hárúnà, kí a da orin inú wọn kọ, kí a sì túmọ̀ wọn, ijó nìkan ni yóò ṣẹ́ kù nínú ogún náà.