Ọgbọ́n Ìdákẹ́ láàárín Ẹgbẹ̀rún Sẹ́ńsọ̀

Sẹ́ńsọ̀ aláìlówáyà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru, ọ̀rinrin tàbí ìmọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n bá gbé e sí, tó sì ń fi rédíò inú rẹ̀ ta èyí tó wà nítòsí lólobó, títí ìròyìn yóò fi dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí Yunifásítì California ní Berkeley to 32 irú rẹ̀ sí erékùṣù Great Duck ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà, láti máa ṣọ́ ihò tí àwọn ẹyẹ òkun ń yé sí láìdà wọ́n láàmú. Ìgbà tí iye sẹ́ńsọ̀ bá di ẹgbẹ̀rún ni ọ̀jáfáfá àti ẹni tó kàn ń dán an wò ń yàtọ̀, nítorí pé rédíò ló ń jẹ bátìrì jù, ìbáà máa sọ̀rọ̀ ìbáà kàn máa tẹ́tí, bẹ́ẹ̀ ni bí ọ̀pọ̀ bá sì sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ wọn yóò kọlu ara wọn, kò sì ní sí èyí tó dé etí ẹnikẹ́ni.

Nínú gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ti ta sí ìṣòro yìí, èyí tó wuni jù ni Trickle, tí Philip Levis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2004 fún pípín ètò iṣẹ́ tuntun, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, kárí gbogbo sẹ́ńsọ̀. Òfófó tó mọ ìwà hù ni àwọn tó ṣe é fi wé. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò dúró díẹ̀ kí ó tó kéde ẹ̀dà ètò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbọ́ tí aládùúgbò mélòó kan sọ ohun kan náà ṣáájú, yóò pa ẹnu mọ́. Bí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn bá ṣọ̀kan, àkókò ìdúró náà a máa di ìlọ́po méjì títí dé ààlà tí wọ́n fi sí i. Bí ẹ̀dà tó yàtọ̀ bá sì jáde, kíá ni àkókò ìdúró náà yóò padà kéré, tí ìròyìn tuntun yóò fi tàn. Kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀, kò sì sí sẹ́ńsọ̀ tó nílò láti mọ iye tí wọ́n jẹ́.

Apá tí ojú kì í tètè rí ni pé ìdajì àkókò ìdúró kọ̀ọ̀kan wà fún títẹ́tí nìkan. Aago àwọn sẹ́ńsọ̀ kì í bára mu, nítorí náà èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àkókò tirẹ̀ ìbá lè sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó tó ráyè gbọ́ pé ẹlòmíràn ti sọ ọ́, bí iye wọn bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni àsọtúnsọ bẹ́ẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Ìdajì yìí wà nínú RFC 6206, ìwé ìlànà tí IETF, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, gbé jáde ní ọdún 2011, ẹni tó bá sì fò ó nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò ní rí àléébù kankan lórí tábìlì tó to sẹ́ńsọ̀ mẹ́wàá sí.